Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Abẹ́rẹ́ Yìí Máa Ń Ti Ilé Ọmọ Pa: Ṣé Kí N Gbà Wọ́n Gbọ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 11. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń bọ̀ wá fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wọ́n fi ohùn kan tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé ọgbọ́n òyìnbó ni, pé wọ́n fẹ́ ti ilé ọmọ àwọn ọmọbìnrin wa pa kí àwa ènìyàn dúdú má baà pọ̀ sí i. Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni, àmọ́ wọ́n rán mi létí ohun tí Pfizer, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, ṣe ní Kano. Mo wádìí ẹ̀, mo rí i pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Tí ti Kano bá jẹ́ òótọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé èyí kì í ṣe òótọ́? Nọ́ọ̀sì tí mo bi léèrè kàn fi mí rẹ́rìn-ín ni."

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ, ẹ sì ṣeun tí ẹ wádìí ọ̀rọ̀ Kano kí ẹ tó fèsì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rín nọ́ọ̀sì yẹn, nítorí ó dùn mí. Nínú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ nípa ìlera tí mo ń ṣe, mo ti rí i pé ibi tí wọ́n bá ti ń fi ẹni tó ń béèrè rẹ́rìn-ín ni àhesọ ti máa ń ta gbòǹgbò. Ẹni tó bá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gún sí ọmọ rẹ̀ lára kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ìbéèrè méjì ló wọnú ara wọn níbẹ̀. Èkíní ni pé ṣé abẹ́rẹ́ yìí máa ń ti ilé ọmọ pa. Ìyẹn kò le, a máa dé ibẹ̀. Èkejì ló nira: ẹni tí wọ́n ti tàn jẹ rí lóòótọ́, báwo ló ṣe fẹ́ wọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́, tí kò ní di ọ̀mùgọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rẹ́ jẹ, tí kò sì ní máa sá fún òjìji ara rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Kano, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ròyìn rẹ̀. Lọ́dún 1996, àrùn yírunyírun jà gan-an ní àríwá Nàìjíríà, ó mú ènìyàn tó lé ní 100,000, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Pfizer wá sí ilé ìwòsàn àwọn àrùn àkóràn ní Kano, wọ́n kó nǹkan bí 200 ọmọ jọ, wọ́n fún ìdajì wọn ní oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan, wọ́n sì fún ìdajì yòókù ní oògùn tí àwọn dókítà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú: 5 nínú àwọn tó lo Trovan, 6 nínú àwọn tó lo èkejì. Àkọ́kọ́ ni pé Trovan kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rárá. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ni, ọmọ tó ti ń ṣàìsàn ni wọ́n sì fún. Lẹ́yìn náà, iye ọmọ tó kú ní apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà kò rọrùn láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Trovan ló pa wọ́n. Pfizer náà tẹnu mọ́ ọn pé àrùn ló pa wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú gan-an ni pé àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò oògùn ni, wọ́n sì ní àwọn kò mọ̀ pé àjọ Médecins Sans Frontières ń tọ́jú àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà ilé ìwòsàn kan náà. Lẹ́tà tí wọ́n fi hàn pé ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn fọwọ́ sí ìdánwò náà, ẹ̀yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí ni wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n wá fi déètì àtẹ̀yìnwá sí i. Ìwé ìròyìn Washington Post ló tú u síta lóṣù Kejìlá ọdún 2000. Lọ́dún 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kano, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́ tí wọ́n bá ní ilé iṣẹ́ òyìnbó hùwà àìdáa sí ọmọ wa. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Sísá yẹn kì í ṣe wèrè, àmọ́ ó ní ohun tó máa ń náni. Lọ́dún 2003, Dókítà Datti Ahmed, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ Sharia ní Nàìjíríà nígbà náà, ní wọ́n ti fi ohun tí kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ sínú àjẹsára àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Dókítà gidi ni o, kì í ṣe ẹni tí kò kàwé. Kano dá àjẹsára náà dúró fún nǹkan bí ọdún kan. Ìgbà tí wọ́n rí èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, ni wọ́n tó gbà kí ó máa lọ lọ́dún 2004. Kí ó tó dìgbà yẹn, kòkòrò àrùn náà ti ti àríwá Nàìjíríà gba ọ̀nà jáde, ó ń wọ orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 2005, ó dé Indonesia fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe àjẹsára tí ọkàn Kano balẹ̀ sí. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni àjọ ìlera àgbáyé tó kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú àrùn náà tó wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọmọ tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ láàárín ìgbà náà ti di àgbà báyìí. Ohun tí àwọn ará Kano mọ̀ nípa ọdún 1996 jẹ́ òótọ́. Ohun tí wọ́n fi parí èrò lórí àjẹsára ọdún 2003 ni kò tẹ̀lé e. Ìwà àtẹ̀yìnwá fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, kò sì fún wa ní ìdáhùn.

Kano nìkan kọ́. Ní ìlú Tuskegee, ní Alabama, láti ọdún 1932 títí di 1972, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkùnrin dúdú tó ní àrùn àtọ̀sí ńlá tí wọ́n ń pè ní syphilis sílẹ̀ láìtọ́jú wọn, wọ́n ń wo bí àrùn náà ṣe máa ba ara wọn jẹ́, nígbà tí pẹnisílìnì tó ń wò ó sàn ti wà níta. Lọ́dún 2011, àwọn amí Amẹ́ríkà tó ń wá Osama bin Laden ní Abbottabad, ní Pakistan, dá ètò àjẹsára kan sílẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀tàn, kí wọ́n lè rí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ inú ilé tí wọ́n fura sí. Àjẹsára lójú, amí lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí ohun tó ń jẹ́ rìkíṣí láyé, ẹ má gbọ́ tiẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń wádìí wọn sí i ni wọ́n ń kéré sí i, tí wọ́n sì ń ṣe kedere sí i. "Òyìnbó ń pa ọmọ wa" ló bẹ̀rẹ̀ ní Kano. Ó parí sí ilé ìwòsàn kan, nǹkan bí 200 ọmọ, oògùn kan, lẹ́tà kan tí déètì rẹ̀ kò jóòótọ́. Ti Tuskegee parí sí ìlú kan àti orúkọ àwọn ọkùnrin tí a lè kà. Ẹni tó wà nínú iṣẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ jáde, ìwé ló máa ń jẹ́rìí, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sì máa ń wà tó ní orúkọ tó ní ojú. Irọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ìbéèrè kan án, ńṣe ló máa ń wú bíi gàrí tí a bu omi sí. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Jubril. Ààrẹ Buhari lọ gba ìtọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2017, ó pẹ́ níbẹ̀, wọ́n wá ní ó ti kú, pé ará Sudan kan tó jọ ọ́, tó ń jẹ́ Jubril, ni wọ́n gbé sípò. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ó mọ̀ sí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn náà mọ̀. Àwọn dókítà, àwọn ọmọ ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì? Gbogbo wọn ló mọ̀, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Lóṣù Kejìlá ọdún 2018, ọkùnrin náà dúró ní Poland, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ búra pé òun ni òun. Àwọn kan ní ìyẹn gan-an ló fi hàn pé kì í ṣe òun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ti jẹ́ ẹ̀rí kan náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi wádìí rẹ̀ mọ́.

N kò ní kí ẹ sọ èyí di òfin tí kì í yẹ̀. Rìkíṣí ńlá wà. Àwọn ilé iṣẹ́ sìgá ní Amẹ́ríkà mọ̀ láti àwọn ọdún 1950 pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì pawọ́ pọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́ ẹ. Adájọ́ kan dá wọn lẹ́bi lórí rẹ̀ lọ́dún 2006. Ilé iṣẹ́ púpọ̀, owó púpọ̀, ọdún púpọ̀. Síbẹ̀, kí ni wọ́n rí fi pamọ́? Ìwé inú ọ́fíìsì wọn ni. Wọn kò rí òkú fi pamọ́. Láti ọdún 1950 ni àwọn oníwádìí ti ń ka àwọn amusìgá tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró nílé ìwòsàn, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ síta. Ohun tí ènìyàn bá mọ̀ ṣeé bò mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kì í ṣeé bò. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè lọ́wọ́ ara mi, tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ bí èyí tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́: tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló yẹ kí a ti máa rí báyìí?

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè yẹn wo abẹ́rẹ́ yìí. Tó bá ń ti ilé ọmọ pa, ó yẹ kí àwọn tó gbà á ní ọmọdé máa wá ọmọ kiri báyìí tí wọn kò rí. Australia bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin wọn lọ́dún 2007, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e lọ́dún 2008. Àwọn ọmọ ọdún 12 ìgbà náà ti tó ọgbọ̀n ọdún báyìí, wọ́n sì ń bímọ. Tí wọ́n bá ní òyìnbó nìyẹn, Rwanda bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 2011, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn tó o ló sì gbà á. Àwọn tó wà ní ìparí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà ti di ìyá ọmọ. Kò sí bí ìjọba kankan ṣe lè fi àìbímọ odidi ìran kan pamọ́ fún àwọn ìyá ọkọ. Ohun tí a wá rí dípò rẹ̀ ni pé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ dín kù ní ìdá 87 nínú 100 láàárín àwọn obìnrin tí ètò náà kàn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 12 sí 13.

Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lè sọ pé èyí tí wọ́n ń fún wa yàtọ̀, pé òyìnbó ń gba méjì tàbí mẹ́ta, àwa ń gba ẹyọ kan. Ìbéèrè tó dára ni, ó sì ní ìdáhùn. Lóòótọ́, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀rẹ̀, ó wá di méjì. Ìwádìí, títí kan èyí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Kẹ́ńyà, fi hàn pé ẹyọ kan náà ń dáàbò boni gidigidi, àjọ ìlera àgbáyé sì fara mọ́ ọn lọ́dún 2022. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Australia fúnra wọn ti bọ́ sí ẹyọ kan láti ọdún 2023, ọdún kan náà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn; ọdún 2024 ló kan Ọ̀yọ́. Pfizer kọ́ ló ń ṣe é o, Merck ló ń ṣe Gardasil tí wọ́n ń lò níbí. Ìyẹn kò sọ Merck di áńgẹ́lì. Ilé iṣẹ́ ni, èrè ló ń wá, wọ́n sì ń pa owó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí owó nídìí ẹ̀ ń tan yín. Àmọ́ ẹni tó ń ta bàtà náà ń jèrè, a kì í torí ẹ̀ sọ pé bàtà ń gé ẹsẹ̀. Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, sọ nígbà náà pé àwọn ọmọbìnrin òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti gbà á. Inú mi dùn láti gbọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí fún yín, nítorí ẹ̀gbọ́n yín lè béèrè pé ṣé inú ìgò kan náà ni wọ́n ti fà á. Àwọn ìyá Rwanda tó ń gbé ọmọ pọ̀n ni ẹ̀rí tèmi.

Ẹ wá padà sí ohùn orí WhatsApp náà. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ irú ohùn bẹ́ẹ̀ tí mo ti gbọ́, "dókítà kan" tàbí "nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì" ló máa ń sọ̀rọ̀, kò ní orúkọ, kò ní ilé ìwòsàn, kò sì sọ ọdún tí ó ń sọ̀rọ̀. Ó lè ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń lọ yípo, kó jẹ́ pé orí àjẹsára mìíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ká tún wá sọ pé ẹnìkan náà bo ojú. Èmi náà kò yàtọ̀ nínú èyí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tèmi ṣe Bíbélì tàbí Kùránì. Mo ti dárúkọ ìlú, mo ti dárúkọ ọdún, kí ẹ lè lọ wò ó fúnra yín. Bí ẹ bá rí orílẹ̀-èdè kan tó ti ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá, tí àìbímọ wá pọ̀ láàárín àwọn tó gbà á ju àwọn tí kò gbà á lọ, èrò mi máa yí padà lọ́jọ́ náà. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín pé kí ló lè yí tiwọn padà. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni ẹ jọ ń sọ mọ́. Ìbéèrè yìí kan àwa òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú. Mo ti bá àwọn kan pàdé lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n gba àjẹsára gbọ́ bí àwọn mìíràn ṣe ń gba àhesọ gbọ́: wọn kò mọ ìdí rẹ̀, ẹnì kan tí wọ́n fọkàn tán ló sọ ọ́. Pé ohun tí wọ́n gbà gbọ́ jẹ́ òótọ́ kàn jẹ́ oríire wọn ni, òun ló sì fà á tí ẹ̀rín fi máa ń yá wọn lẹ́nu ju àlàyé lọ.

Ibi tí abẹ́rẹ́ yìí mọ nìyí. Kò lè dènà gbogbo jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Kòkòrò àrùn kan tí ìbálòpọ̀ máa ń gbé kiri, tí wọ́n ń pè ní HPV, ló ń fà á. Irú rẹ̀ méjì, 16 àti 18, ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ yìí, àwọn ni ó dojú kọ. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá dàgbà, ó ṣì máa nílò àyẹ̀wò. Apá lè máa dun ún, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀. Àwọn ọmọdébìnrin mìíràn máa ń dákú lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kó tó dìde. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́nà tó le rí kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ohun mìíràn tún wà tí kò yẹ kí n fi pamọ́: lọ́dún 2013, ìjọba Japan fúnra wọn dẹ́kun rírọ àwọn ènìyàn láti gba abẹ́rẹ́ yìí, nítorí àwọn ọmọbìnrin kan ń ṣàròyé ìrora àti àárẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìrora àwọn ọmọ náà kì í ṣe irọ́. Ìbéèrè ni pé abẹ́rẹ́ ló fà á, àbí ó kàn tẹ̀lé abẹ́rẹ́? Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́bìnrin lẹ́nu wò ní ìlú Nagoya, wọ́n rí i pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ láàárín àwọn tó gbà á ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ọdún 2022 ni Japan tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn ènìyàn padà. Bí ẹ bá fún mílíọ̀nù ọmọ ní abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ kan, àwọn kan nínú wọn máa ṣàìsàn lọ́sẹ̀ kejì, bí ẹ bá tilẹ̀ fún wọn ní omi lásán. Ó ṣòro láti gba èyí tó bá jẹ́ ọmọ ẹni ni, n kò sì ní bá òbí kankan jà tí kò bá gbà á lọ́jọ́ kan.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má dá wọn lóhùn nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí. Àgbà tí wọ́n bá já nírọ́ lójú àwọn àbúrò máa ń di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin, ojú ń tì í ni. Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ kọ́kọ́ sọ pé òótọ́ ni wọ́n sọ nípa Kano, pé ẹ wádìí ẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ká jọ wo èyí pa pọ̀." Ẹ bi wọ́n nípa Rwanda. Wọ́n lè má yí padà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì lè má yí padà láé. Kò pọn dandan kí ẹ borí ẹ̀gbọ́n yín kí ẹ tó ṣe ìpinnu lórí ọmọ yín.

Ẹ padà sí ilé ìlera, kí ẹ béèrè fún ẹni tó ń ṣe alábòójútó àjẹsára, kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó rẹ́rìn-ín yẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò rẹ̀ hàn yín, kí ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ. Ọdún 9 sí 14 ni ìjọba ń fún lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹ ṣì ní àyè láti rò ó dáadáa. Tí wọ́n bá dé ilé ẹ̀kọ́ tí ọkàn yín kò tíì balẹ̀, ẹ lè mú un lọ sí ilé ìlera lọ́jọ́ mìíràn. Àmọ́ kí ọmọ tó mọ ọkùnrin ni ó ti máa ń ṣiṣẹ́ jù, àti pé tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ọdún yìí ni màá jẹ́ kó gbà á.